Ìdérí kan ti ṣí

Àlàmísì. Òjò kékeré kan rọ̀ lóru, kò tiẹ̀ kún ìdajì garawa, àmọ́ ilẹ̀ tutù. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ bí mo ṣe ń ṣe láti ọjọ́ méjìdínlógún, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tan iná fóònù sáwọn ọ̀rá píọ̀wọ́tà tí mo rì kóró sí lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí mo dé orí ìkeje mo rí i pé iyẹ̀pẹ̀ ti sán, nǹkan kan tẹ̀ síbẹ̀ bí ọwọ́ agboòrùn, ìdérí kóró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò ju èékánná ọmọdé lọ.

Mo pariwo. Màámi tí wọ́n ń dáná lọ́wọ́ ní ṣé ejò ni. Mo ní rárá o, dányà ti hù!

Máàlàm tó ń ṣọ́ ilé tó kọjú sí tiwa ní Tanke, ní Ìlọrin níbí, ló lọ sílé ní Kàtísínà lọ́dún tó kọjá, ó gbé èso kan bọ̀, ó pín fún wa. Ó pọ́n bí iyeyè, kóró ńlá ló wà nínú ẹ̀, ẹran ara ẹ̀ funfun, ó lẹ̀ mọ́ kóró débi pé èèyàn ò lè gé e jẹ, àfi kó máa fà á mu. Ó dùn, ó tún kan. Dányà ni Máàlàm pè é, ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ sórí Google ni mo rí i pé òun náà ni wọ́n ń pè ní marula ní Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n fi ń ṣe ọtí Amarula tí erin wà lára ìgò ẹ̀ (àwa ò mu ún o, ìgò la rí). Ẹbí kan náà sì lòun pẹ̀lú iyeyè, máńgòrò àti kajú. Máàlàm ní kì í pọ́n lórí igi, tútù ló ń já bọ́, ilẹ̀ ló ti ń pọ́n.

Èmi tí mi ò ní sùúrù, ọjọ́ tá a jẹ ẹ́ náà ni mo ri kóró mẹ́wàá. Oṣù méjì ni mo fi bomi rin ín, kò sóhun tó yọjú àfi tẹ̀tẹ̀. Adìẹ aládùúgbò wá tú méjì jáde, mo gbé e wò, ó ṣì le koko bí òkúta odò Asà. Inú bí mi, mo hú àwọn tó ṣẹ́kù, mo da mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sínú agolo mílíìkì, mo jù ú sórí pẹpẹ, mo gbàgbé ẹ̀.

Àṣé ìgbàgbé yẹn gan-an ni oògùn ẹ̀. Kóró tútù ń sùn ni, tó bá gbẹ fún oṣù bíi mélòó kan ló tó máa ń fẹ́ jí. Yàtọ̀ síyẹn, ìdérí méjì tàbí mẹ́ta ló wà lápá kan orí kóró, ọmọ kóró kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìdérí yẹn ló ń há wọn mọ́nú. Ní Épúrù tí ooru Ìlọrin ń ṣe wá bí ẹja àyangbẹ, mo gbé agolo sọ̀kalẹ̀, mo mú ìṣó àti hámà. Mẹ́ta ni mo lù fọ́ yángá kí n tó mọ ọwọ́ ẹ̀. Ẹ máa wá etí ìdérí, ẹ fi ẹnu ìṣó sí i, ẹ rọra kàn án, á fò sókè, ẹ máa rí ọmọ kóró funfun nínú ihò ẹ̀. Mo tọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó fọ́ wò, bí ẹ̀pà tútù ló rí, òróró kún un. Mo rẹ ìyókù sómi mọ́jú, mo po iyanrìn odò mọ́ ìgbẹ́ màlúù tó ti gbó, mo rì wọ́n.

Màámi ń wò mí. Wọ́n fi dányà wé igi òrí, wọ́n ní ta ló ń gbin igi òrí, pé láti kékeré àwọn ní Àjàṣẹ́ làwọn ti ń ṣa kóró ẹ̀, àwọn ò rí ẹni tó rì í sínú ọ̀rá rí, oko ni wọ́n ń bá a, wọn ò kàn ní í gé e ni. Mi ò rí èsì fọ̀.

Èyí tó tún ń kọ mí lóminú ni pé dányà ní akọ, ó ní abo, bí ìbẹ́pẹ. Ìbẹ́pẹ tiẹ̀ sàn, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa mọ̀ bóyá akọ lẹ̀ ń tọ́jú. Dányà tó hù láti kóró lè gba ọdún méje sí mẹ́wàá kó tó so, ọmọ mi tó wà ní Primary 2 á ti fẹ́ wọ yunifásítì. Àwọn tí ò lè dúró máa ń gé ẹ̀ka abo tó nípọn, wọ́n á rì í, á ta gbòǹgbò, àmọ́ dírẹ́bà wo ló máa bá mi gbé igi tó ga jù mí lọ láti Kàtísínà?

Lẹ́yìn àsárì Máàlàm wá wò ó. Ó lóṣòó tì í, ó rẹ́rìn-ín, ó ní níbo ni mo máa gbìn ín sí, torí gbòǹgbò ẹ̀ máa tó kan ìdí ọ̀rá, igi ńlá sì ni. Mo wo ẹ̀yìnkùlé, mo wo ògiri sókéwé, mo rántí pé ilé háyà la wà.

Mo fi agbọ̀n tó ti ya dé e nítorí ewúrẹ́. Mo wá rọra béèrè lọ́wọ́ Màámi bóyá ààyè wà nílé Àjàṣẹ́. Wọn ò dáhùn, wọ́n ń fọ ìkòkò. Mo ti fẹ́ wọlé kí n tó gbọ́ ohùn wọn: "Ẹ̀gbẹ́ kànga wà níbẹ̀."