Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ẹ ka ìwé àwọn ọ̀gá kí ẹ tó dá òṣìṣẹ́ lẹ́bi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ nípa òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, mo ti ka iṣẹ́ àṣekágbá yín. Gbogbo yín lẹ kọ ọ́ pé àìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ló ń fọ́ ìyanṣẹ́lódì. Ọdọọdún ni mo ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti sú mi. Ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń bàjẹ́.

Èkíní, ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe kí iṣẹ́ tó dúró. Ní 1943, ìjọba amúnisìn lé Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, kúrò l'Ékòó. Nígbà tó padà dé ní June 1945, ó ti di akọni lójú èrò. Oṣù yẹn ò tíì parí tí ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò fi bẹ̀rẹ̀, ó sì lé ní oṣù kan kó tó rọlẹ̀. Àfikún 50% tí òṣìṣẹ́ ń bèèrè lórí owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́ngógó, òun náà ni ìgbìmọ̀ Tudor Davies, tí ìjọba ní kó wádìí ọ̀rọ̀ náà, padà ní kí wọ́n san.

Èkejì ni ti Enugu, èyí tí n kì í lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí inú mi má ru. Ní November 1949, àwọn awakùsà èédú ń bèèrè owó tí wọ́n gbà pé wọ́n jẹ àwọn sẹ́yìn. Wọn ò kúrò níbi iṣẹ́. Ńṣe ni wọ́n ń fa iṣẹ́ nílẹ̀. Èsì tí àwọn ọ̀gá fọ̀ ni ìwé gbélé-ẹ. Ẹ̀rù ba àwọn tó kù pé àwọn ọ̀gá á tì wọ́n síta, wọ́n bá jókòó sínú ihò kùsà, wọn ò jáde.

Títí di ibẹ̀, ọ̀rọ̀ owó lásán ni. Ẹni tó bá mú ìwé ìṣirò dání, tó sì lè fara balẹ̀, ì bá yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ti pè é ní ọ̀rọ̀ òṣèlú, nítorí ìgbà yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ Zikist, àwọn ọmọlẹ́yìn Nnamdi Azikiwe tó ń jà fún òmìnira, ń gbóná. Ẹ̀rù ń ba àwọn aláṣẹ pé ohun abúgbàù tó wà nínú kùsà lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà, ni wọ́n bá rán ọlọ́pàá lọ kó o. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ní Iva Valley, àwọn awakùsà ń kọrin, wọ́n ń jó; ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń jẹ́ Philip ní ogun ni wọ́n fẹ́ jà, ó sì ní kí wọ́n yìnbọn. Èèyàn 21 kú, 51 fara gbọta. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wọn.

Ìgbìmọ̀ Fitzgerald, tí ìjọba fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀, sọ ọ́ kedere pé àṣìṣe ni bí wọ́n ṣe sọ aáwọ̀ ibi iṣẹ́ di ti òṣèlú. Òṣèlú tí wọ́n ń sá fún gan-an ni wọ́n sì dá sílẹ̀: rògbòdìyàn ràn dé Aba, Onitsha àti Port Harcourt, àwọn olóṣèlú tí kì í rí ara wọn sójú sì para pọ̀ torí òkú wọ̀nyẹn.

Síbẹ̀, mẹ́ta nínú yín kọ ọ́ pé “jàgídíjàgan àwọn awakùsà”. Ẹ lọ tún un kọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n fún agbẹ́-èédú àkọ́kọ́ ní ìwé gbélé-ẹ, kì í ṣe láti ọjọ́ ìbọn.