Ìdá kan nínú mẹ́rin: bí àbùdá ṣe ń ti ara òbí dé ara ọmọ

Bí genotype (irú hemoglobin inú ẹ̀jẹ̀) ọkọ bá jẹ́ AS, tí ti ìyàwó náà sì jẹ́ AS, wọ́n lè bí ọmọ mẹ́ta kí ara gbogbo wọn dá ṣáṣá. Ẹni tó bá rí wọn á ní ewu ti fò wọ́n dá. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n má ṣe bí ẹ̀kẹrin, torí ó ti gbọ́ pé ọ̀kan nínú mẹ́rin ló ń jẹ́ SS, ìyẹn àìsàn sickle cell, ó wá gbà pé ti ẹ̀kẹrin yìí ló kù. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin kì í ṣe iye ọmọ tí a óò kà nínú ilé. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń dá tirẹ̀ jẹ́, láìka èyí tó ṣáájú rẹ̀ sí.

Inú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni àwọn ohun tín-ín-rín tí à ń pè ní kúrómósómù wà. 46 ni wọ́n, méjì-méjì lọ́nà 23. Nínú méjì kọ̀ọ̀kan, bàbá ló fún wa ní ọ̀kan, ìyá ló fún wa ní ìkejì. Orí wọn ni jíìnì tò sí, jíìnì sì ni ìlànà tí ara ń tẹ̀ lé láti ṣe protein kan tàbí òmíràn. Àwọn tó wà fún protein nìkan tó nǹkan bí 20,000. Nítorí pé méjì-méjì ni kúrómósómù wà, ẹ̀dà méjì la ní nínú ọ̀pọ̀ jíìnì. Ẹ̀dà méjèèjì lè bára mu, wọ́n sì lè yàtọ̀.

Ìgbà tí ara bá ń ṣe ẹyin tàbí àtọ̀ ni ìpín àjogúnbá ń wáyé. 46 yẹn á di 23, ọ̀kan péré láti inú méjì kọ̀ọ̀kan. Ṣé èyí tí òbí náà gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ló máa lọ ni, àbí èyí tó gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀? Kò sẹ́ni tó ń yàn án. Bí ìgbà tí a ju owó ẹyọ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógún ni. Ọ̀nà 8,388,608 ni òbí kan ṣoṣo lè gbà pín in, a ò sì tíì ka ti pé kúrómósómù méjì máa ń ṣe pàṣípààrọ̀ apá kan ara wọn kí wọ́n tó yà. Ìdí nìyí tí ọmọ ìyá, ọmọ bàbá kan náà ṣe ń yàtọ̀ síra, àfi ìbejì tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá.

Gregor Mendel, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíìkì ní ìlú Brno, ló kọ́kọ́ fi òǹkà ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Láti 1856 sí 1863 ló ń gbin pea, irúgbìn kan tó jọ ẹ̀wà. Ó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1866, ó sì kú ní 1884, àmọ́ ó di 1900 kí àwọn onímọ̀ tó kà á sí. Ó da èyí tí kóró rẹ̀ máa ń rí róbótó pọ̀ mọ́ èyí tí kóró rẹ̀ máa ń hunjọ. Gbogbo ọmọ wọn ló rí róbótó. Nígbà tó jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí náà so, kóró 5,474 rí róbótó, 1,850 sì hunjọ: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́ta sí ọ̀kan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí níbẹ̀ ni pé híhunjọ kò pòórá, kò sì dà pọ̀ mọ́ róbótó láti di èyí tó hunjọ díẹ̀. Ó fara pamọ́ fún ìran kan, ó sì tún yọ jáde ní odindi. Ẹ̀dà kan ń borí, èkejì ń fara pamọ́, àfi ìgbà tí ọmọ bá gba èyí tó ń fara pamọ́ lọ́dọ̀ òbí méjèèjì.

Bí ọ̀rọ̀ AS ṣe rí nìyẹn. Jíìnì HBB, lórí kúrómósómù 11, ló ń darí bí ara ṣe ń ṣe apá kan nínú hemoglobin, èyí tó ń gbé oxygen kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́tà DNA kan ṣoṣo, nínú èyí tí a fi kọ ìlànà jíìnì, ló yí padà nínú ẹ̀dà S: lẹ́tà A (kì í ṣe A inú AS) di T, ara wá ń fi èròjà protein kan, valine, síbi tó yẹ kó fi òmíràn, glutamic acid, sí. Ẹni tó ní ẹ̀dà A kan, èyí tí kò ní àléébù, àti S kan ń ṣe hemoglobin tó dára tó. Ẹni tó ní S méjì, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ máa ń tẹ̀, á sì gan nígbà tí oxygen bá dín kù, wọ́n á dí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, ibẹ̀ sì ni ìrora ti ń wá.

Òbí tó jẹ́ AS lè fún ọmọ ní A tàbí S, ìdajì sí ìdajì. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ AA, ìdajì láti jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Bí wọ́n bá bí ọmọ mẹ́rin, ìrètí pé kò ní sí SS kankan nínú wọn jẹ́ 81 nínú 256, ìyẹn nǹkan bí ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún. Pé ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò jẹ́ SS jẹ́ ìdá 42. Pé yóò tó méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ ìdá 26. Ẹ̀yin náà rí i pé "ọ̀kan nínú mẹ́rin" gan-an kì í ṣẹlẹ̀ nínú ìdajì irú ìdílé bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ọmọ wọn tí kò bá sì jẹ́ SS, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni pé AS ni, torí náà kí ó ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ kí ó tó yan ẹni tí yóò fẹ́.

Irú àyẹ̀wò tí a ṣe ṣe kókó. Àyẹ̀wò sickling tàbí solubility nìkan kò tó: ó lè sọ pé S wà níbẹ̀, kò lè ya AS kúrò lára SS, kò sì ní rí C, ẹ̀dà mìíràn nínú jíìnì yìí kan náà, rárá. Bẹ́ẹ̀ AS àti AC lè bí SC, àìsàn sì ni òun náà. Electrophoresis tàbí HPLC, àyẹ̀wò tó ń ya oríṣi hemoglobin sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ni kí ẹ béèrè. Ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, kí ó dúró tó oṣù mẹ́rin, torí sẹ́ẹ̀lì pupa ń lò tó ọjọ́ 120, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára sì lè mú kí SS jọ AS nínú èsì. Lára ọmọ tuntun, hemoglobin F, irú èyí tí ọmọ inú oyún ń lò, ló pọ̀ jù, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò náà nígbà tó bá dàgbà díẹ̀.

Nígbà mìíràn, ẹ̀dà méjèèjì ló máa ń hàn. Nínú ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀, A àti B kì í borí ara wọn, ìdí nìyẹn tí AB fi wà. O ló ń fara pamọ́. Bàbá tó jẹ́ A àti ìyá tó jẹ́ B lè bí ọmọ O, bí ẹ̀dà O bá wà lára àwọn méjèèjì. Ẹ má ṣe tìtorí ìyẹn fura sí aya yín. Bí òbí kan bá jẹ́ AB, tí èkejì jẹ́ O, ọmọ á jẹ́ A tàbí B, kò ní bá òbí kankan mu.

Ti kúrómósómù X tún yàtọ̀. Ọkùnrin ní X kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti gbà á, kò sì ní ẹ̀dà kejì tí yóò bo àléébù mọ́lẹ̀. Nítorí náà ni hemophilia, àìsàn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dáadáa, fi wọ́pọ̀ lára ọkùnrin. Bàbá tó ní i kò lè fi lé ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́wọ́, torí kúrómósómù Y, èyí tó ń sọ ọmọ di ọkùnrin, ló fún un. Gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ ni yóò gbé e sára. Ìyá tó gbé e sára, ọmọkùnrin rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìdajì ànfààní láti bọ́.

Gíga kò bá ìṣirò wọ̀nyí mu, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ibi lórí DNA ló ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un, oúnjẹ ìgbà èwe náà sì ní ipa tirẹ̀.

Phenylketonuria, àìsàn àjogúnbá kan, ló fi ipa oúnjẹ yìí hàn jù. Ẹ̀dà tó ń fara pamọ́ ló fà á, ọmọ sì gbọ́dọ̀ gba méjì. Ara rẹ̀ kò lè lo phenylalanine, èròjà protein kan tó wà nínú ọ̀pọ̀ oúnjẹ, bó ṣe yẹ, ìyẹn á wá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, á sì ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀ ọmọ tuntun ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, bí wọ́n bá sì bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ àkànṣe láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, ọpọlọ rẹ̀ á dàgbà dáadáa. Obìnrin tó ní i gbọ́dọ̀ wà lórí oúnjẹ náà kí ó tó lóyún àti jálẹ̀ oyún: phenylalanine inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń kọjá sára ọmọ inú rẹ̀, ó sì lè ṣe ọpọlọ àti ọkàn ọmọ náà léṣe, bí ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ ní àìsàn yìí.