2024: Rímù tí Bàbá tún ṣe kẹ́yìn

Ọkun o, gbogbo ilé. Àtàná ni mo ti jókòó pé kí n kọ ọdún yìí lóṣooṣù bí mo ṣe máa ń ṣe, àmọ́ ibi kan náà lọ́wọ́ mi ń lọ ṣáá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn nínú oṣù kẹsàn-án, nídìí igi máńgòrò, Kábà níbí.

Ẹ ṣáà mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àtìgbà tí wọ́n ti ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, 29 oṣù karùn-ún 2023 lọ́hùn-ún, ni mo ti gbé ọ̀kadà jókòó, mo wá gbé Raleigh, kẹ̀kẹ́ bàbá tó bí mi, jáde. Nígbà tí lítà kan kọjá 1,000 náírà lọ́dún yìí, àwọn tó ń fi mí rẹ́rìn-ín ní Odòlú dákẹ́.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ò le, kéèyàn má ṣáà da epo rẹpẹtẹ sí ṣéènì, torí eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn. Òjò niṣẹ́ wà. Rímù onírin, òbìrìkìtì irin tí táyà wà lórí ẹ̀, bá ti tutù, rọ́bà bírékì ò ní í dì í mú mọ́. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń bá mi tún kẹ̀kẹ́ ṣe nídìí igi máńgòrò yẹn, ló kọ́ mi pé kí n kọ́kọ́ máa tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ kó nu omi kúrò, kí n tó wá tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Lọ́jọ́ yẹn, omi ti bo kòtò kan lọ́nà Ìyàrà, táyà iwájú kó sí i, gbàgà! Rímù lọ́ bí ewé tó gbẹ. Mo gbé ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ sókè, mo ń tì í bọ̀ nínú òjò títí mo fi dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Wọ́n dojú kẹ̀kẹ́ dé, wọ́n fi ẹfun sàmì síbi tó ti ń kan bírékì lápá ọ̀tún, wọ́n ń tú sípóòkù ọ̀tún, àwọn wáyà tín-ín-rín tó di rímù mú, wọ́n ń fún tòsì, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n bá yí i tán wọ́n á fi èékánná ta á, wọ́n á tẹ́tí bí onígòjé. Òjò ń dà sí wọn lẹ́yìn, wọn ò kúrò. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kòtò ò lójú, ìwọ lo ní."

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n pè mí nípa Bàbá láàárọ̀ kùtù.

Ẹ jẹ́ n sọ ti táyà ẹ̀yìn ná. Ó ti jẹ tán, òkúta ti ń yọ mí lẹ́nu, mo ti rí tòkunbọ̀ kan lọ́jà, bówó bá wọlé lẹ́yìn ọdún màá rà á.

Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, mi ò fara pa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì náà, tó ń gbé omi gbígbóná kalẹ̀ dè mí lálaalẹ́ òjò. Èmi àti Bàbá ti ń sọ ọ́ pé màá gùn ún dé Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ kí wọ́n lè rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn dúró. Bóyá lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò ṣèlérí.

Ọmọ wọn obìnrin fún mi ní kọ́kọ́rọ́ sípóòkù wọn lọ́jọ́ ìsìnkú Bàbá, irin kékeré tí wọ́n fi ń yí sípóòkù, ó ti dán níbi tí àtàǹpàkò wọn máa ń wà. Àpò ṣòkòtò mi ló ń gbé. Rímù yẹn ṣì ń yí tààrà, mi ò tíì fi kọ́kọ́rọ́ náà kan sípóòkù kankan lára ẹ̀.