Àyẹ̀wò ọdún mi: ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́dọọdún mo máa ń kọ̀wé nípa ṣọ́ọ̀bù, nípa owó iléèwé àwọn ọmọ, nípa títì Kàbà sí Ẹ̀gbẹ̀ ní Kogi wa níbí. Tọdún yìí, ohun kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi. Mi ò mutí mọ́. Òní, ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, ló pé ọjọ́ 133.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ bó ṣe rí. Télọ̀ ni mí, ọwọ́ ni mo fi ń jẹun, àmọ́ láàárọ̀ ọwọ́ yẹn kì í gbọ́ tèmi. Màá ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, á gba ẹ̀gbẹ́ lọ, màá fi itọ́ pa á lórí, màá tún ki í, á tún gba ẹ̀gbẹ́, títí ọmọ iṣẹ́ mi á fi dìde láìsọ̀rọ̀, á gbà á lọ́wọ́ mi, á bá mi ki í bọ̀ ọ́. Kì í wojú mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni màá lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lọ fi eyín já ọtí ọ̀rá kan, ọwọ́ á wá balẹ̀. Nígbà tí NAFDAC ní àwọn fòfin de ọtí ọ̀rá lóṣù Kejì 2024, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ní kò kúkú ní sí èyí tí màá rà mọ́. Wọ́n tún sún òfin náà síwájú, kò sì sí ọjọ́ kan tí ìyá tó ń tà á lọ́dọ̀ wa sọ fún mi pé ó ti tán.

Oṣù Kìíní ni mo kọ́kọ́ dá jáwọ́. Mo búra fún ìyá àwọn ọmọ lálẹ́ àìsùn ọdún tuntun. Ọjọ́ kejì, gìrì gbé mi ṣánlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ọsibítù ni mo ti lajú. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ẹni tó ti ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́ kì í dédé já a lẹ́ẹ̀kan náà, pé ara á máa gbọ̀n, òógùn á bo èèyàn, gìrì lè dé láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹlòmíì á tún máa rí ohun tí ò sí níbẹ̀, ó sì lè pa èèyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ jáwọ́, mo bẹ̀ yín, ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan, Màmá Nọ́ọ̀sì là ń pè é, ló sọ fún mi níbẹ̀ pé àwọn kan tó ń jáwọ́ nínú ọtí ń pàdé ní Tọ́sìdeè, nínú kíláàsì kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kọjá láìwọlé, ẹ̀rù ń bà mí kí kọ́sítọ́mà má rí mi. Ọjọ́ tí mo wọlé, ẹni tí mo kọ́kọ́ rí lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, tí orúnkún ẹ̀ ga dé àyà, ni Tísà tó kọ́ mi ní pírámárì. (Ó fún mi láyè kí n kọ èyí, torí ohun tá a bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ la ń fi í sí.) Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Dìde, ọmọ mi, wá jókòó. Èmi náà mu ún.”

Ẹ̀yin náà mọ iye àdúrà tí wọ́n ti gbà lé mi lórí, iye ìbáwí tí mo ti jẹ níwájú ẹbí. Mi ò kọ̀ ọ́, ẹni tó bá ń gbàdúrà fún mi kó má dákẹ́. Àmọ́ kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó sọ fún mi rí pé òun náà mu ún. Màmá Nọ́ọ̀sì ló sọ ìtàn àwọn ọkùnrin méjì kan fún wa, ní Akron ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1935, ọ̀kan ń ṣòwò ṣíà, ìyẹn ìpín ìdókòwò nínú ilé iṣẹ́, ìkejì sì jẹ́ dókítà, ọ̀mùtí làwọn méjèèjì. Bí ọ̀mùtí ṣe jókòó ti ọ̀mùtí tí wọ́n ń bára wọn sọ òótọ́ ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwa ò sanwó ìwọlé, kéèyàn ṣáà ti fẹ́ jáwọ́. Yàgbà ń sọ tiẹ̀, Bùnú ń sọ tiẹ̀, kálukú pẹ̀lú ohùn ilé ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi oníkáfíńtà, ẹ mọ̀ ọ́n, òun ló kan tábìlì tí mò ń gé aṣọ lórí ẹ̀. Ó ní òun máa tẹ̀ lé mi lọ. Mo ní ká lọ ní Tọ́sìdeè yẹn, ó ní kí n jẹ́ kóun parí iṣẹ́ ọwọ́ òun, ó di èyí tó ń bọ̀. Oṣù Keje la sin ín. Tábìlì náà ò tíì mì rárá, igi gidi ló lò.

Oṣù Kẹjọ ni mo ṣubú, ọjọ́ 17, níbi ìgbéyàwó kan ní Ìyàrá. Wọ́n bu ẹmu fún mi, àwọn àna ń wò mí, mo gbà á. Nígbà tí Tọ́sìdeè pé, mo lọ, mo sọ ọ́ síta, mo ń sunkún. Kò sẹ́ni tó bú mi. Tísà ní, “Ó dáa, ká tún un kà látọ̀dọ̀ ení.”

Ìyá àwọn ọmọ ò tíì padà wálé. Àmọ́ ó ti ń gbé fóònù mi, lọ́jọ́ Kérésì ó jẹ́ kí àwọn ọmọ wá wọn aṣọ wọn wò ní ṣọ́ọ̀bù, òun náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́ tí mo fi rán bọ́tìnnì wọn. Ọmọ iṣẹ́ mi ń wò mí, mo rí i.

Tọ́sìdeè tó ń bọ̀ bọ́ sí ọjọ́ kìíní ọdún 2026. Mo bi Màmá Nọ́ọ̀sì bóyá a máa pàdé, ó ní ṣé ọtí ń gba ìsinmi ọdún ni? Ó wá mú kọ́kọ́rọ́ kíláàsì lé mi lọ́wọ́. Aago mẹ́rin ni màá ti ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kàbà, tẹ́ ẹ bá ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ẹ yà wọlé.