Alẹ́ tí Detroit ń ké orúkọ Goff

Mi ò lè gbàgbé alẹ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2024 ní Detroit níbí. Pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi la wà, òtútù ń jà níta, Lions, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) ti ìlú wa, ń kojú ẹgbẹ́ Rams ti Los Angeles.

Ẹ rántí pé Rams ló fi Jared Goff, ẹni tó máa ń ju bọ́ọ̀lù fáwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ (quarterback), ṣe pàṣípààrọ̀ lọ́dún 2021 kí wọ́n lè gba Matthew Stafford, quarterback tiwa, lọ́wọ́ wa. Ọdún tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ìdíje 3 péré la borí nínú 17. Ó fara dà á.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ìdíje parí, tí Lions fi 24 sí 23 ṣíwájú, gbogbo àwọn akẹgbẹ́ Goff tẹ orí wọlé yí i ká láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ẹran tí ẹ̀gbọ́n mi ti mú, kò lè fi sẹ́nu. Goff ju bọ́ọ̀lù sí akẹgbẹ́ rẹ̀ Amon-Ra St. Brown, ìyẹn sì hán an! Ó parí!

Ọmọ ọdún 29 ni Goff, àmọ́ lójú mi, àgbà ni lálẹ́ ọjọ́ náà. "Jared Goff! Jared Goff!" Ẹ̀gbọ́n mi ń ké e pẹ̀lú àwọn èrò inú pápá, omijé ń bọ́ lójú wọn. Ó ti tó ọdún 32 tí Lions ti borí irú ìdíje báyìí gbẹ̀yìn, ìyẹn ìdíje ìyọkúrò tó máa ń tẹ̀ lé ìparí sáà (playoffs).