Gíláàsì màmá mi àti mínísítà tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni màmá mi tún fi ojú ara rẹ̀ ka Sáàmù. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kà á sí i létí láràárọ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa níbí ní Adó, ó gbé Bíbélì lé itan, ó ka Sáàmù 121 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó ṣe tán, ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, o ti hu ewú tó báyìí?" Mi ò rí ọ̀rọ̀ fi dá a lóhùn.

Gíláàsì tó ń lò tẹ́lẹ̀, lórí tábìlì àwọn tó ń pàtẹ ní Ọjà Ọba ló ti rà á. Bí ọ̀pọ̀ àgbà wa ṣe ń rà á nìyẹn: wọn á gbé ọ̀kan sójú, wọn á wo àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọn á bọ́ ọ, wọn á gbé òmíràn, títí wọn á fi rí èyí tó sàn díẹ̀. Apá kan tiẹ̀ ti kán, ó sì fi òwú dúdú so ó. Lọ́tẹ̀ yìí mo mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ ojú wò, gíláàsì tuntun sì jẹ́ ₦38,000. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, kò rọrùn fún mi, ṣùgbọ́n mo san án. Bàbá àgbẹ̀ kan tó wá láti Ìlawẹ̀ ló wà níwájú wa. Ó béèrè iye tó jẹ́, wọ́n sọ fún un. Ó ní, "Ó dáa, ẹ ṣeun, màá padà wá." Ó ká ìwé tí wọ́n kọ fún un sí mẹ́rin, ó fi sápò bùbá rẹ̀, ó sì jáde. Gbogbo wa tó wà lórí bẹ́ńṣì la mọ̀ pé kò ní padà wá.

Bàbá yẹn ni mo ń rò bọ̀ nínú ọkọ̀, òun ló sì mú mi rántí Aneurin Bevan, mínísítà ìlú ọba kan láyé àtijọ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Government. Tí a bá dé orí ìgbìmọ̀ mínísítà, ìjọba Attlee ni mo máa ń mú ṣe àpẹẹrẹ. Lẹ́yìn ogun Hítílà, ní oṣù keje ọdún 1945, ẹgbẹ́ òṣèlú Labour gba àga 393 nílé aṣòfin ìlú ọba. Churchill tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọn borí ogun ni wọ́n yọ. Clement Attlee wá di olóòtú ìjọba. Àwọn ọmọ ọlọ́lá wà nínú àwọn tó yàn, Dalton àti Cripps fún àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n Ernest Bevin tó fi ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ọmọ ọdún mọ́kànlá ló kúrò níléèwé. Ellen Wilkinson nìkan ni obìnrin tó wà láàárín wọn, ẹ̀kọ́ ni wọ́n fún un. Lọ́dún 1936 ó ti bá àwọn tí kò níṣẹ́ fẹsẹ̀ rìn kúrò ní ìlú Jarrow lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti fẹ̀hónú hàn. Nígbà tó di mínísítà, àsìkò rẹ̀ ni mílíìkì ọ̀fẹ́ dé ọwọ́ àwọn ọmọ iléèwé, lọ́dún 1946. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 1947, oṣù méjì péré kí òfin tó ń jà fún, pé kí ọmọ má kúrò níléèwé kó tó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mi ò lè sọ ibẹ̀ yẹn ní kíláàsì kí ohùn mi má yí padà.

Bevan ló kéré jù lọ́jọ́ orí nínú gbogbo wọn. Ọmọ Tredegar ní Wales ni, ọdún 1897 ni wọ́n bí i, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló sì ti wọ ihò èédú. Akólòlò ni. Ó ń kàwé níbi ìkàwé àwọn òṣìṣẹ́, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí ẹnu rẹ̀ lè gbé dípò èyí tó ń há a lẹ́nu. Eruku èédú ló pa bàbá rẹ̀. Ọwọ́ Bevan ni bàbá náà kú sí lọ́dún 1925, ẹnikẹ́ni kò sì san kọ́bọ̀ fún wọn, torí òfin ìgbà náà kò ka àìsàn yẹn mọ́ àìsàn iṣẹ́. Ní Tredegar yìí kan náà, àwọn awakùsà ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ wọn, wọ́n ń kó o jọ, òun ni wọ́n fi ń gba dókítà tí wọ́n sì fi ń ra oògùn fún tilé-tọ̀nà. Ẹni tó bá mọ èésú nílẹ̀ Èkìtì yóò tètè mọ ohun tí mò ń wí. Nígbà tí Attlee fi Bevan ṣe mínísítà ìlera, irú èésú yẹn ló fẹ́ kí gbogbo ìlú jọ máa dá. Àwọn dókítà bá a jà gan-an. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún 1948, ètò náà bẹ̀rẹ̀: dókítà ọ̀fẹ́, oògùn ọ̀fẹ́, eyín àtọwọ́dá ọ̀fẹ́, gíláàsì ọ̀fẹ́. Kó tó dìgbà yẹn, Ṣọ́ọ̀bù Woolworths ni òtòṣì ibẹ̀ ti ń ra gíláàsì. Á gbé ọ̀kan sójú, á bọ́ ọ, á gbé òmíràn. Ọjà Ọba náà nìyẹn.

Nígbà tó di 1951, ogun Kòríà ń lọ, wọ́n sì ti pinnu láti ná 4,700 mílíọ̀nù pọ́ùn lórí ohun ìjà láàárín ọdún mẹ́ta. Hugh Gaitskell tó ń ṣe mínísítà ìṣúná ní kí àwọn aráàlú máa san ìdajì owó gíláàsì àti eyín. Ó yọ àwọn ọmọdé sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bevan náà ti gbà lọ́dún 1949 pé kí òfin fàyè gba ṣílè kan lórí ìwé oògùn. Ṣùgbọ́n èyí kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹrin ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, Harold Wilson àti John Freeman, tí wọ́n jọ wà nínú ìjọba, náà sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé e.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan dìde lọ́dún kan, ó ní, "Mà, ṣé kò sí àgbààgbà tó lè bá a bẹ olóòtú ìjọba ni?" Mo ní Bevan ò wá ẹ̀bẹ̀. Mo wá sọ ti Dalton, tó ń ṣe mínísítà ìṣúná ṣáájú, fún un: lọ́dún 1947, bó ṣe ń lọ ka ètò ìṣúná nílé aṣòfin, ó sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún oníròyìn kan lójú ọ̀nà, ìwé ìròyìn gbé e jáde kó tó kà á tán, ó sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ yẹn jókòó, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí agogo fi lù.

Ohun kan wà tí mi ò fi pamọ́ fún wọn rí. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn awakùsà ní Iva Valley, ní Enugu, ń bá ọ̀gá wọn fa ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́. Ọlọ́pàá yìnbọn lù wọ́n. Èèyàn 21 kú. Bevan wà lórí àga mínísítà lọ́jọ́ náà. Arthur Creech Jones, ẹni tó ti inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jáde, ló ń ṣe mínísítà àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń mú sìn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, James Griffiths gba ipò rẹ̀, ọmọ Wales tí òun náà wa èédú láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Èédú kan náà ni, eruku kan náà ni. Mo fẹ́ràn Bevan, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí títí dòní pé ìgbìmọ̀ tó lè pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ nítorí gíláàsì kò pín nítorí Enugu. Mínísítà kan ṣoṣo kò torí wọn kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn òkú yẹn kì í ṣe ọmọ Èkìtì, mo sì máa ń sunkún wọn bí ọmọ ìyá.

Màmá mi kò mọ Bevan. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ló mọ̀. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ní Ìjerò, wọ́n ní kó na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi kan etí òsì. Ó kàn án. Bó ṣe mọ ìwé kà nìyẹn, tó fi di pé Sáàmù ló kọ́kọ́ béèrè nígbà tí gíláàsì dé ojú rẹ̀.

Lánàá, ìyá tó ń ránṣọ lójúlé kejì wá yá gíláàsì náà, ó fẹ́ fi ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Kò bá ojú tirẹ̀ mu. Màmá mi gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti òwú bọ̀ ọ́ fún un, ó sì ní kó lọ mú mẹ́ta mìíràn wá, kí òun ti òwú bọ ìyẹn náà sílẹ̀ dè é dọ̀la.