Ọjọ́ Kẹta Lẹ́yìn Paraga

Láàárín aago márùn-ún sí mẹ́fà ìdájí ni ìyá aláparaga ti máa ń to ìgò sórí tábìlì ní gáréèjì: jẹ̀díjẹ̀dí, ọpa ẹ̀yìn, àtọ̀sí, ibà. Orúkọ wọn yàtọ̀, àwọ̀ wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ògógóró ni wọ́n fi rẹ gbogbo wọn. Ẹ wo ọwọ́ àwọn oníbàárà tó kọ́kọ́ dé. Ẹnì kan á gba ife, á dà á sọ́fun, á sanwó, á lọ. Ẹlòmíì á fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú, á tẹ orí wálẹ̀ bá a dípò kó gbé e sókè, síbẹ̀ díẹ̀ á dà sí i láyà. Tó bá yá, ọwọ́ yẹn á rọlẹ̀, á lè ka owó. Ẹni kejì yìí là ń kọ̀wé sí, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Jẹ̀dí ló ń dà á láàmú, wọ́n ní kó máa mu ife kékeré kan láàárọ̀. Ara rẹ̀ yá gágá. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ife kan ò ṣe nǹkan kan mọ́. Ó di méjì, ó di mẹ́ta. Ìgbà yìí gan-an ni àwọn ọ̀rẹ́ máa ń yìn ín pé ọtí kì í pa á. Ìyìn yẹn máa ń dùn wá dọ́kàn, torí àmì àìsàn ni wọ́n ń yìn. Bí ọtí ò bá pa èèyàn mọ́, ọpọlọ rẹ̀ ló ti yí padà nítorí ọtí.

Ẹ fi ọpọlọ wé mọ́tò. Ọtí máa ń tẹ bíréèkì, ìdí nìyẹn tí ara fi ń rọ̀ tí ìbẹ̀rù sì ń lọ. Bó bá ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ọpọlọ á wá ọgbọ́n dá kí mọ́tò má baà dúró: á dín agbára bíréèkì tirẹ̀ kù, á sì máa tẹ iná sí i. Níwọ̀n ìgbà tí ọtí bá wà lára, méjèèjì á dọ́gba, ọkùnrin náà á sì dà bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ẹ wá yọ ọtí kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ẹsẹ̀ wà lórí iná, bíréèkì ò sí. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ní ìdájí ni ìbẹ̀rẹ̀ eré yẹn, torí pé ó ti tó wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ tó ti mu kẹ́yìn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rá kékeré tàn yín jẹ. Ọ̀rá ọtí líle 30 ml tí wọ́n kọ 43% sí lára ní nǹkan bíi gíráàmù 10 ògidì ọtí nínú. Mẹ́fà kí ọ̀sán tó pọ́n jẹ́ gíráàmù 60, ó ju ìgò bíà ńlá méjì lọ. Ti paraga ò tilẹ̀ ṣeé ṣírò: ògógóró kan lè jẹ́ 30%, òmíràn 60%, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ sára ìgò.

Ìbéèrè mẹ́rin kan wà tí àwọn dókítà máa ń bi èèyàn. Ṣé o ti rò ó rí pé ó yẹ kí o dín ọtí kù? Ṣé inú máa ń bí ọ bí wọ́n bá bá ọ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀? Ṣé ọkàn rẹ máa ń dá ọ lẹ́bi? Ṣé o ti mu ún rí láàárọ̀ kùtù kí ara tó balẹ̀? Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí méjì, kó lọ rí dókítà. Ní tiwa, ẹ̀kẹrin nìkan ti tó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣì í nìyí. Bí wọ́n bá ti gbà pé ọtí ti di bárakú fún un, wọ́n á gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á tì í mọ́lé, tàbí kí wọ́n mú un lọ sílé àdúrà fún ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó lè pa á. Láti wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn tó mu kẹ́yìn títí dé ọjọ́ kejì, gìrì lè mú un bíi ti oníwárápá. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta, ara á gbóná, òógùn á bò ó, àyà á máa já, kò ní mọ ibi tó wà mọ́. Á máa ṣa kòkòrò tí ẹlòmíì ò rí lára aṣọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ awakọ̀, ó lè máa yí sítíárì lórí ibùsùn. Àwọn ará ilé á ní ayé ló ń ṣe é. Ọtí tó kúrò lára lójijì ni. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ ní àhámọ́ ọlọ́pàá, àti ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé ẹni tó kán lẹ́sẹ̀ sí láìsọ fún dókítà pé ó ń mutí. Ẹni tó bá sì ti já a lójijì rí, tó tún padà sí i, ti ẹ̀ẹ̀kan míì sábà máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nítorí náà, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n láàárọ̀, ẹ má gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kó máa mu ìwọ̀n kan náà, kó má lé, kó má dín lójijì, títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí ó sì jẹ́ kíákíá. Ẹ má ra diazepam, oògùn tó ń mú ara balẹ̀, ní kẹ́míìsì fún un: òun àti ọtí lápapọ̀ lè dá èémí dúró. Bí gìrì bá mú un, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ro epo tàbí àgbo sí i lọ́fun, ẹ wo aago, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bó bá ń bì ẹ̀jẹ̀, tí ẹyinjú rẹ̀ di yẹ́lò bí atalẹ̀ pupa, tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sínú ìwé kí ẹ tó jáde nílé: irú ọtí tó ń mu, iye rẹ̀ lójúmọ́, aago tó mu kẹ́yìn, bóyá gìrì ti mú un rí, bóyá ó ń fi tramadol tàbí Rohypnol kún un. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀, ẹ má bo ohunkóhun. Ẹ sì béèrè nípa fítámì B1. Ẹni tí ọtí ti gba ipò oúnjẹ rẹ̀ kì í ní in lára tó. Bí nọ́ọ̀sì àdúgbò bá kàn fa omi oníṣúgà sí i lára láìkọ́kọ́ fún un ní B1, ó lè ba ọpọlọ jẹ́: ojú á máa yí gbìrìgbìrì, ẹsẹ̀ á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, iyè á sì ra.

Ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta, ti Yábàá ní Èkó, àti ẹ̀ka ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn ń tọ́jú irú àìsàn yìí. Ní Arò, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, ẹbí ló ń bá aláìsàn gbé ní abúlé tó wà nítòsí nígbà ìtọ́jú, nítorí náà kí ìtìjú má dá yín dúró. Bí oògùn olóró bá wà níbẹ̀, ẹ lè pe NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, lọ́fẹ̀ẹ́ sórí 080010203040.

Oògùn tí wọ́n ń dín kù díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje ló máa gbé e kọjá ewu. Òǹgbẹ ọtí á ṣì wà lẹ́yìn ìyẹn, dókítà á sì ní kó máa padà wá. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ bá a wá ọ̀nà míì tí kò gba iwájú tábìlì yẹn kọjá, kí ẹnì kan sì máa bá a jáde ní ìdájí.